Kí ló dé tí Jaguar E-Type fi ń gbóná jù nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ?

Ọkọ̀ tó ń sáré sún mọ́ máìlì 150 ní wákàtí kan láì gbóná, kí ló ń mú omi rẹ̀ hó nígbà tó bá dúró?

Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń gba inú rédíétọ̀ kọjá, tó ń gbé ooru lọ. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Malcolm Sayer, tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Bristol rí, ló ya ara E-Type, tí wọ́n gbé jáde ní Geneva lóṣù kẹta ọdún 1961. Kí atẹ́gùn má baà dá ọkọ̀ dúró, ó jẹ́ kí ẹnu iwájú rẹ̀ kéré. Ẹnu kékeré yẹn tó lórí eré. Láàárín ìlú lásìkò ooru, fáànù oníná kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kì í lè fa atẹ́gùn tó.

Ṣé Jaguar tún un ṣe?

Bẹ́ẹ̀ ni. Series 2, ìyẹn ẹ̀dà kejì E-Type, tó jáde ní 1968, ní ẹnu tó gbòòrò sí i àti fáànù méjì. Ojú ti àkọ́kọ́ ló wù mí jù, àmọ́ àtúnṣe náà tọ́.

Mẹkáníìkì mi ní ká yọ thermostat, ohun kékeré tó ń darí ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbà, dànù. Ṣé ká yọ ọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́! Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn àtiyọ ọ́, wọ́n gbà pé omi á túbọ̀ máa ṣàn. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ìpalára ló ń ṣe. Ọ̀nà méjì ni omi lè gbà: ọ̀kan lọ sí rédíétọ̀, èkejì padà tààrà sínú ẹ́ńjìnnì. Èkejì yìí wà fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Bí omi bá ti gbóná, thermostat á ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, òrùka tó yí i ká á sì dí ọ̀nà kejì pa. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà kejì á wà ní ṣíṣí sílẹ̀, apá kan nínú omi gbígbóná á sì máa padà láì tíì tutù. Bákan náà ló rí bí ẹ bá fi èyí tí kò ní òrùka sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun láti inú páálí. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra rédíétọ̀ ńlá, ẹ kọ́kọ́ wo thermostat.

Ìdérí rédíétọ̀ ńkọ́?

Ìdérí tó ń mú títẹ̀ 7 psi dúró kì í jẹ́ kí omi hó títí á fi dé nǹkan bí 111°C. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó, 100°C náà ni omi á ti hó. Ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná o.

Mo ti wo gbogbo ìyẹn, ó ṣì ń gbóná.

Ẹ wọn iná níbi fáànù gan-an nígbà tó bá ń yí. Wáyà àtijọ́ tó ti dípẹtà máa ń jẹ iná lójú ọ̀nà, fáànù á wá máa yí lọ́lẹ̀.