Ta Ló Ń Kan Ilẹ̀kùn? Bí A Ṣe Ń Tú Ìtàn Adẹ́rùbani Palẹ̀

Nínú ìtàn adẹ́rùbani kúkúrú, ohun tí òǹkọ̀wé fi pamọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá fẹ́ tú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ palẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti pa ojú rẹ̀ dé. Ibẹ̀ ni àhunpọ̀ ìtàn, gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó (ìjà tó wà nínú ìtàn) àti kókó ọ̀rọ̀ ti máa ń pàdé.

Ẹ jẹ́ ká wo "The Monkey's Paw" tí W. W. Jacobs, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1902. Ológun kan tó ń jẹ́ Morris mú ọwọ́ ọ̀bọ gbígbẹ kan bọ̀ láti Íńdíà. Wọ́n ti fi oògùn sí i: èèyàn mẹ́ta ló lè fi tọrọ nǹkan, ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Morris jù ú sínú iná. Baba White, tó gbà á lálejò, sáré yọ ọ́. Ó fi tọrọ 200 pọ́n-ùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ pa Herbert ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ilé iṣẹ́ sì fi owó gbà-máà-bínú ránṣẹ́: 200 pọ́n-ùn géérégé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá ọmọ fi dandan lé e pé kí ọkọ òun tọrọ kí ọmọ àwọn jí. Lóru ọjọ́ náà, ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá gun àga, ó fẹ́ yọ ọ̀pá ìdábùú tó wà lókè ilẹ̀kùn. Baba ń táràrà nílẹ̀ pé kóun tètè rí ọwọ́ ọ̀bọ. Ó rí i, ó tọrọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìkànkùn dá. Ìyá ṣílẹ̀kùn, títì dá páropáro.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àhunpọ̀ rẹ̀ ni bí ọ̀kan ṣe bí èkejì, àti ohun tí òǹkọ̀wé yàn pé ká má rí. A kò rí Herbert nídìí ẹ̀rọ. Àlejò kan tí ọ̀rọ̀ há sí lẹ́nu ló wá ròyìn. A kò rí òkú rẹ̀. Baba nìkan ló sọ pé aṣọ lòun fi dá a mọ̀. A kò rí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tí baba fi tọrọ nǹkan kẹta gan-an kò sí lórí ìwé. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rù rẹ̀ dí àwọn àlàfo wọ̀nyí. Gbólóhùn tó burú jù níbẹ̀ kéré gan-an: ìyá ló rántí pé itẹ́ òkú jìn tó máìlì méjì, ìdí nìyẹn tí ọmọ òun fi pẹ́ kó tó dé. Ó ń ka ẹsẹ̀ òkú lójú ọ̀nà!

Ó tún yẹ ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí òǹkọ̀wé ti ta wá lólobó ohun tó ń bọ̀. Níbẹ̀, baba ń bá ọmọ rẹ̀ ta chess, ìyẹn eré orí pátákó tí wọ́n ti ń dáàbò bo ọba, ó sì ń ti ọba rẹ̀ sínú ewu tí kò pọn dandan. Morris náà sì ti sọ pé ikú ni ẹni tó kọ́kọ́ lo ọwọ́ ọ̀bọ náà fi ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ tọrọ.

Ìdí gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní èèyàn àti ọwọ́ ọ̀bọ ló ń jà. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé kòńgẹ́ lásán ni gbogbo rẹ̀: ẹ̀rọ a máa pa òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ a sì máa sanwó. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ìjà gidi wà, láàárín tọkọtaya arúgbó tí Herbert nìkan ló kù fún. Bí omi bá dànù tí agbè kò fọ́, a ṣì lè pọn òmíràn. Agbè tiwọn ti fọ́. Ìyá ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ bó ti wù kó rí. Baba mọ bó ṣe rí, torí òun ló wo òkú náà. Ìfẹ́ kan náà ló ń ti ọ̀kan síwájú tó ń fa èkejì sẹ́yìn.

Tó bá kan kókó ọ̀rọ̀, "ojúkòkòrò" ni wọ́n máa ń kọ. Ìtàn náà kò gbè é lẹ́yìn. Baba sọ pé òun ti ní ohun gbogbo tóun ń fẹ́. Herbert ló dábàá 200 pọ́n-ùn, kí wọ́n lè san gbèsè ilé tán. Ìwọ̀nba ni wọ́n tọrọ. Ẹni mímọ́ tó fi oògùn sí ọwọ́ ọ̀bọ náà fẹ́ fi hàn pé àyànmọ́ ló ń darí ayé èèyàn, àti pé ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ yóò kábàámọ̀. Yorùbá tó mọ̀ pé a kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá yóò tètè lóye èyí, àmọ́ ìyàtọ̀ wà: tiwa fàyè sílẹ̀ fún ẹbọ, ìtàn yìí kò fàyè sílẹ̀ fún ohunkóhun.

Ká ní Jacobs jẹ́ ká rí ojú Herbert lẹ́nu ọ̀nà ni, òkú àti alààyè ni ìbá máa jà, ọ̀rọ̀ tọkọtaya náà ìbá sì parẹ́. Ohun tó fi sílẹ̀ fún wa ni iná títì tó ń ṣẹ́jú lójú ọ̀nà tí kò sẹ́nìkan.