Yíyan páwà páàkì fún kọ̀ǹpútà àtòjọ olówó pọ́ọ́kú

Páwà páàkì ni àpótí onírin inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń gba iná ilé, tó sì ń sọ ọ́ di irú iná tí àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà lè lò. Iná 230 fóòtì ló ń wọ inú rẹ̀ láti ara ògiri. Iná 12 fóòtì, 5 fóòtì àti 3.3 fóòtì ló ń gba ara wáyà rẹ̀ jáde. Fún ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà jọ ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, òun ni wọ́n sábà máa ń rà kẹ́yìn, nígbà tí owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀yà tó lè gbé gbogbo ìyókù lọ bí ó bá bàjẹ́.

Ìlànà ATX tí iléeṣẹ́ Intel gbé jáde lọ́dún 1995 ló ṣì ń darí ìrísí rẹ̀: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 150, gíga rẹ̀ 86. Láyé ìgbà náà, ara 5 fóòtì àti 3.3 fóòtì ni prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ti ń jẹun. Láti nǹkan bí ọdún 2000, nígbà prósẹ́sọ̀ Pentium 4, ẹrù náà ti ṣí lọ sórí 12 fóòtì, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ìdí nìyí tí páwà páàkì àtijọ́ tí wọ́n kọ 400W (wáàtì 400) sí lára kì í fi í lè gbé kọ̀ǹpútà òde òní: orí 5 fóòtì ni wọ́n kó agbára rẹ̀ sí.

Ohun tí sítíkà ń sọ

Nọ́ḿbà gàdàgbà ara páálí kọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ìlà +12V lára sítíkà ni. Tí a bá fi 12 sọ iye áńpù (A) tó wà níbẹ̀ di púpọ̀, iye wáàtì tí prósẹ́sọ̀ àti káàdì gíráfíìkì (èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà) máa rí lò gan-an nìyẹn. Páwà páàkì tó ń pe ara rẹ̀ ní 500W, tí ìlà +12V rẹ̀ sì jẹ́ 16A, wáàtì 192 péré ló ní fún wọn. Èyí tó jẹ́ 500W lóòótọ́ sábà máa ń ní tó 38A sókè. Bí wọ́n bá pín ìlà náà sí 12V1 àti 12V2, a kì í kàn ro méjèèjì pọ̀. Àpapọ̀ tí iléeṣẹ́ tẹ̀ sábẹ́ wọn ni ká gbà, ó sì máa ń kéré ju ìròpọ̀ tiwa lọ.

Ọwọ́ àti ojú náà ń ṣèdájọ́. Àpótí tó bá fúyẹ́ jù, irin tó ń gba ooru àti kọ́ìlì inú rẹ̀ ni kò tó nǹkan. Tí a bá gbé wáyà rẹ̀ sójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù níbi tí oòrùn ti ń wọlé, a ó rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ lára rọ́bà rẹ̀. 18AWG ni wáyà tó nípọn tó. 20AWG tàbí 22AWG tín-ín-rín, torí bí nọ́ḿbà yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni wáyà ń kéré sí i. Ẹni tó ń tà kì í fẹ́ràn kí oníbàárà máa ka wáyà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Àmì 80 PLUS, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, ń jẹ́rìí pé ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó wọlé ló ń dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, yálà ẹrù tó gbé jẹ́ ìdá 20, ìdá 50 tàbí ẹ̀kún agbára rẹ̀. Ìyókù ń di ooru. Bronze, Silver àti Gold ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì yìí kò sọ ohunkóhun nípa ààbò, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣì í mú.

Ó kan owó pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà tó ń lo wáàtì 200 máa fa nǹkan bí 235 lára ògiri bí páwà páàkì rẹ̀ bá ń ṣe ìdá 85, á sì fa 286 bí ó bá ń ṣe ìdá 70. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí owó iná Band A (ẹ̀ka tó ń rí iná jù) ti ju 200 náírà lọ fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan, ìyàtọ̀ yẹn ju 1,800 náírà lọ lóṣù fún ẹni tó ń lò ó ní wákàtí mẹ́fà lójúmọ́.

Wáàtì mélòó ló tó?

Ó kéré sí ohun tí ọ̀pọ̀ rò. Prósẹ́sọ̀ Core i3-12100F kì í fà ju 89 wáàtì lọ. Káàdì RX 6600 ń fa 132, GTX 1660 Super ń fa 125, RTX 3060 ń fa 170. RX 580, tí àlòkù rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ń fa 185. Tí a bá fi 50 kún un fún mọ́dàbọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń wọ̀), RAM, SSD (ibi tí fáìlì ń wà) àti fáànù, i3 pẹ̀lú RX 6600 kò ju 271 lọ. Páwà páàkì 450W tó jẹ́ ojúlówó gbé e láìlàágùn. 550W fi àyè sílẹ̀ de káàdì tó lágbára jù ú lọ. Kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì gíráfíìkì, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, 300W ti pọ̀ fún un. Láàárín 450W ojúlówó àti 750W tí a kò mọ ẹni tó ṣe é, ti àkọ́kọ́ ló dára jù, owó wọn ì báà dọ́gba.

Ẹnu wáyà tún wà níbẹ̀. Ojú ihò tí káàdì ń wọ̀ lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù ń fún un ní wáàtì 75, ẹnu onípín mẹ́fà (6-pin) ń fi 75 kún un, onípín mẹ́jọ (8-pin) ń fi 150 kún un. Bí páwà páàkì kò bá ní ẹnu onípín mẹ́jọ, a jẹ́ pé kò ṣe é fún káàdì tó ń béèrè fún un. Wáyà ìsopọ̀ tó ń sọ ẹnu SATA di ẹnu káàdì wà lórí àtẹ, ṣùgbọ́n wáàtì 54 ni ẹnu SATA kan lè gbà lórí 12 fóòtì; èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa yọ́ rọ́bà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Iná Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Abẹ́ IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, ni àgbègbè méjèèjì wà, iná sì yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò. Ilé tó wà ní Band A yẹ kó rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, ti Band E wákàtí mẹ́rin. Ìṣòro tó jẹ́ ti páwà páàkì gan-an ni hàáfù kọ́rẹ́ǹtì, pàápàá lálẹ́ tí gbogbo ilé bá tan nǹkan wọn pọ̀. Páwà páàkì tí wọ́n kọ 100-240V sí lára, tó ní Active PFC (ètò inú rẹ̀ tó ń tún bí ó ṣe ń fa iná ṣe), máa ń bá iṣẹ́ lọ bí iná bá já sí 160 fóòtì. Èyí tí wọ́n ṣe fún 230 nìkan á pa kọ̀ǹpútà, á tún un tàn, títí faili á fi bàjẹ́.

Ìnfátà àti UPS mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Active PFC yìí kan náà kì í bá ìnfátà olówó kékeré tí wọ́n ń pè ní modified sine wave (tí ìgbì iná rẹ̀ kò yọ̀ geere bíi ti Nẹ́pà) rẹ́ dáadáa: ó lè máa kùn, ó lè kọ̀ láti tàn, ó sì lè kú lójijì bí iná bá lọ. Pure sine wave, tí tirẹ̀ yọ̀ geere, ló bá a mu. Ìnfátà tún máa ń ní ibi tí wọ́n ti ń yàn án sí UPS tàbí sí ohun èlò ilé. Lórí UPS, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Nẹ́pà. Lórí èkejì ó lè tó 20. Páwà páàkì ATX tó gbé ẹ̀kún ẹrù kò lè fi iná tó kù nínú rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà ju nǹkan bí 16 irú ìdá bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń kú nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ kò ju ìyẹn lọ nígbà púpọ̀. Ní ti bátìrì, 12 fóòtì 200Ah olómi tí a kò fẹ́ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ máa gbé kọ̀ǹpútà tó ń fa 235 fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́rin. Èyí tó ń fa 286 kò ní í pé mẹ́rin.

Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní wáyà ilẹ̀ (earth). Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, iná díẹ̀ máa ń gba ara kápásítọ̀ àsẹ́ (ẹ̀yà kékeré tó ń di iná mú) inú páwà páàkì bọ́ sára àpótí kọ̀ǹpútà, yóò sì máa ta ẹni tó bá fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé páwà páàkì ti bàjẹ́. Ojútùú rẹ̀ ni kí oníná fi wáyà ilẹ̀ sí ilé, kí a sì má fi ẹkisténṣọ̀ ẹlẹ́nu méjì gbé e.

Tòkúnbọ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè, Ìjàgun àti Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, àti àwọn tó ń lọ ra ẹ̀yà ní Computer Village ní Ìkẹjà, mọ̀ pé tòkúnbọ̀ ló bá àpò mu. Páwà páàkì tó ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ dúró wá lè dára ju tuntun aláìlórúkọ lọ. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí bọ́tìnnì pupa kékeré bá wà níbẹ̀ tí a kọ 115 àti 230 sí, kó wà lórí 230 kí ẹnikẹ́ni tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá lè wà lórí 115. Lórí 115, páwà páàkì máa ń sọ iná di ìlọ́po méjì nínú lọ́hùn-ún. Bí 230 bá wọlé bẹ́ẹ̀, fóòtì 650 ni yóò bọ́ sórí kápásítọ̀ méjì tí àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ 400. Yóò dún gbàù, èéfín á yọ, fíúùsì á sì lọ.

Kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ kékeré ti Dell, HP àti Lenovo tún ní ìwà tiwọn. Púpọ̀ nínú páwà páàkì wọn kò ju 180W sí 240W lọ, ẹnu wáyà wọn kì í ṣe ti ATX, àpótí wọn kò sì gba òmíràn. Káàdì tí kò nílò wáyà, bíi GTX 1650 tí ojú ihò nìkan tó fún, ni ó bá wọn mu. Bí páwà páàkì bá jẹ́ irú tí wáyà rẹ̀ ń yọ kúrò, wáyà tirẹ̀ nìkan ni kí a lò: ẹnu lè bára mu kí ètò inú rẹ̀ yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ sí iléeṣẹ́, SSD ló sì máa ń kọ́kọ́ kú.

Níwájú ẹni tó ń tà, a lè fi wáyà kékeré kan so ihò wáyà àwọ̀ ewé mọ́ ihò dúdú nínú ẹnu onípín 24. Fáànù yóò yí. Mítà gbọ́dọ̀ ka 11.4 sí 12.6 lórí wáyà yẹ́lò, 4.75 sí 5.25 lórí pupa. Kíkà yìí nìkan kò tó, torí kò sí ẹrù lórí rẹ̀ nígbà náà. Kó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí kan nínú kọ̀ǹpútà tó ń gbá géèmù ló ń fi í hàn. A kì í tú àpótí rẹ̀. Kápásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná tó ju 300 fóòtì mú lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà, nítorí náà eruku ọyẹ́ inú rẹ̀, ẹnu ihò fáànù ni wọ́n ti ń fẹ́ ẹ jáde.