Dáínósọ̀ Inú Omi Kóńgò

Ó tún ti dé. Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá náà ni: nǹkan dúdú kan ń wẹ̀ lọ lójú omi, ẹnì kan ń pariwo pé dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn ṣì wà láàyè ní Kóńgò, pé Mokele-mbembe lorúkọ rẹ̀, adágún Télé ló ń gbé. Pé irú wọn ti run láti bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, mi ò ní tún ìyẹn sọ.

Omi yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Kí ló dé tó fi jẹ́ inú omi ni wọ́n máa ń fi í sí? Nígbà kan, ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé ẹranko tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò lè rìn lórí ilẹ̀, àfi kí omi bá a gbé ara, kó máa na ọrùn jáde láti mí. Bí wọ́n ṣe ń yà á nìyẹn. Ní 1951, Kermack, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí àyà rẹ̀ bá rì tó bẹ́ẹ̀, omi á tẹ̀ ẹ́ débi pé kò ní lè mí. Ẹsẹ̀ wọn tún nàró bí òpó, bíi ti erin. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ta ló máa wá ṣàlàyé fún mi bí ẹranko tó yè láti ayé àtijọ́ ṣe ń gbé irú ìgbé ayé tó wà nínú àwòrán tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti pa tì?

Ẹ tún ka ọdún. 1905 ni wọ́n gbé àwòṣe egungun Diplodocus, dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn kan, kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, 1908 ní Berlin. Ní 1909, àwọn Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í wú egungun dáínósọ̀ ní Tendaguru, ní Tanzania òde òní. Ní 1913, von Stein, ọmọ ogun Jámánì, kọ ìròyìn ẹranko Kóńgò sílẹ̀. Mi ò ní ó parọ́ o. Ọdún ni mò ń kà: ìròyìn rẹ̀ dé lẹ́yìn tí dáínósọ̀ ti gbòde.

Omi adágún Télé ọ̀hún kò jìn, níbo ni ẹranko ńlá yẹn á fara pamọ́ sí? Mackal, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè láti Amẹ́ríkà, wá ẹranko náà lọ sí Kóńgò ní 1980 àti 1981, kò rí i. Agnagna, ọmọ Kóńgò, ní òun rí i ní 1983, ṣùgbọ́n fíìmù rẹ̀ kò gbé nǹkan gidi kan jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo kì í sì í bí ara rẹ̀: bàbá, ìyá, ọmọ, àti egungun àwọn tó ti kú dà?

Ó ṣeé ṣe kí àwọn ará Likouala, agbègbè tí adágún náà wà, rí nǹkan lóòótọ́. Erin tó ń la odò kọjá, tó na ọwọ́jà sókè, lè jọ ọrùn lójú ẹni tó jìnnà. Bóyá ẹranko tí a ò tíì mọ̀ ló wà níbẹ̀. Igbó ńlá ni. Ṣùgbọ́n fídíò tí kò lọ́jọ́, tí kò lórúkọ ẹni tó yà á, ẹ ṣọ́ra fún un. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó lè wo ìyókù, ẹ má san kọ́bọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pín in kiri dandan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò mí.