Ìpè mẹ́wàá tó wọlé kì í ṣe ẹ̀rí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé pe nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mẹwàá ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí ẹ tún wá máa sọ fún mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ti dára. Ká ní ìpè 2 ń kùnà nínú 100. Bí ẹ bá pe mẹ́wàá péré, ó ṣeé ṣe dé ìwọ̀n 82 nínú 100 pé gbogbo rẹ̀ á wọlé, ẹ ò sì ní rí àlébù kankan. Kí ó tó dá wa lójú dé ìwọ̀n 95 nínú 100 pé ìkùnà ò tó 2 nínú 100, ẹ ó pe tó 149 láìsí ẹyọ kan tó kùnà, ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín fún ìdánwò ìpè mẹ́wàá kò yàtọ̀ sí gbájúẹ̀.

Ti ikanni, ìyẹn ọ̀nà tí ìpè kan ṣoṣo ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ló ń ká mi lára jù. Ká ní ìpè 200 ń dé ní wákàtí kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú 3. Ìṣẹ́jú 600 nìyẹn. Ẹ pín in sí 60, ó di 10. Kíá, oníbàárà á ní kí n fún òun ní ikanni 10. Kò tó! Ìpíndọ́gba ni 10 yẹn. Ìpè kì í tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan: nísinsìnyí ó lè jẹ́ 6, láìpẹ́ ó di 14. Agner Krarup Erlang, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Copenhagen, ti gbé ìṣirò rẹ̀ jáde láti 1917. Pẹ̀lú ikanni 10, ìpè bíi 21 nínú 100 ni wọn á dá padà. Ikanni 15, kò tó 4. Ikanni 18, kò tó ẹyọ kan. Ìṣirò náà ò tiẹ̀ bèèrè bóyá àwọn kan ń sọ̀rọ̀ pẹ́ tí àwọn kan ń tètè gé e. Ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú ti tó o. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi iṣẹ́ wa, àwa tó ń ṣírò iye ikanni tí ìpè nílò, yangàn.

Àwọn tó ń ta ohun ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n ní ó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Irọ́ ni! Àmì ojú fóònù lè kún dẹ́múdẹ́mú kí ìpè má wọlé, torí agbára ìgbì ló ń sọ, kì í sọ bóyá ikanni ṣófo.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń gba ìpè pàjáwìrì bi mí léèrè iye ikanni tó yẹ kí wọ́n rà, mo ní 18, wọ́n ra 12 kí owó lè ṣẹ́kù. Lójoojúmọ́, ní wákàtí tí ọwọ́ ń dí, 24 nínú ìpè 200 ń kọsẹ̀. Lọ́jọ́ tí omi ya wọlé àwọn èèyàn, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò Erlang gbà pé ẹni tí kò rí ikanni á jáwọ́. Ẹni tí omi ń bo ilé rẹ̀ kì í jáwọ́, ṣe ló ń tún un tẹ̀. Àtúnpè ń kún ẹrù, ẹrù ń bí ìkọsẹ̀, ìkọsẹ̀ tún ń bí àtúnpè, títí ẹnikẹ́ni ò fi lè wọlé mọ́. Àwọn aláìsàn wà lára àwọn tó ń pè lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ikanni, ẹ kó àkọsílẹ̀ ìpè wákàtí tí ọwọ́ dí jù lọ wá fún mi, kí ẹ sì ya àtúnpè sọ́tọ̀ kúrò lára ìpè àkọ́kọ́.