Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní Amẹ́ríkà

Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ láti ran àwọn tí ọ̀rọ̀, ohùn, èdè tàbí oúnjẹ gbígbé mì ń ni lára lọ́wọ́. Ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Irú sùúrù yẹn ni olùtọ́jú ń kọ́ àwọn ará ilé akólòlò, kí wọ́n má máa bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ti oúnjẹ wà nínú iṣẹ́ yìí. Nílé ìwòsàn, wọ́n á po báríọ́mù, èròjà tó máa ń hàn nínú X-ray, mọ́ oúnjẹ tàbí omi, aláìsàn á gbé e mì níwájú ẹ̀rọ X-ray, olùtọ́jú á sì máa wò ó bóyá ó ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ikùn, tàbí ó ń yà sí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Oyè yunifásítì àkọ́kọ́ kò tó fún iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, àfi kéèyàn gba másítáàsì, tó sábà máa ń gba ọdún méjì. Ẹni tó ka ìmọ̀ èdè tàbí iṣẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀ lè wọlé, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ kọ́ àwọn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tó fò. Ohun tó yẹ kéèyàn wádìí kó tó san kọ́bọ̀ ni bóyá CAA, ìgbìmọ̀ tó wà lábẹ́ ASHA, ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà. ASHA ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè gba ìwé-ẹ̀rí ASHA, ó gbọ́dọ̀ ní wákàtí 400 lẹ́nu iṣẹ́: 25 láti fi wo bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é, 375 láti fi tọ́jú èèyàn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn másítáàsì, yóò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 36, ó kéré tán wákàtí 1,260, lábẹ́ ẹni tó ti gbàwé-ẹ̀rí. Ó tún gbọ́dọ̀ gba máàkì 162, ó kéré tán, nínú ìdánwò Praxis. Ìwé-ẹ̀rí ASHA yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ síṣẹ́.

Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ MRTB ló ń bójú tó wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ HCPC ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilé Yorùbá ní Amẹ́ríkà ni àyẹ̀wò ọmọ elédè méjì. Yorùbá kò ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì (kọ́ńsónáǹtì méjì tó tẹ̀ léra láìsí fáwẹ̀lì láàárín), kò sì ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ “three”. Ọmọ tó bá pè é ní “tirí” kò ṣàìsàn. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ á bi ìyá rẹ̀ léèrè bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé: ṣé ó ń fi ohùn ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba àti ìgbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Bí ìṣòro bá wà lóòótọ́, yóò hàn nínú èdè méjèèjì.