Ewé Tó Wo Ọmọ Yín Sàn Lè Pa Ológbò Yín

Kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó tún bi mí pé, "Dókítà, ṣé mi ò lè fún un ní àgbo ná?" Mi ò kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Iṣẹ́ dókítà ẹranko ni mò ń ṣe, àmọ́ ilé tí wọ́n ti ń se àgbo ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ̀ pé ewé ń ṣiṣẹ́. Torí pé ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ló ṣe yẹ ká ṣọ́ra. Ohun tó lágbára láti lé àrùn lágbára láti ba ara jẹ́, pàápàá tó bá bọ́ sínú ara tí kò lè gbé e. Àwọn tó ń kọ ọ́ sára ìgò pé "kò ní kẹ́míkà" ń tan yín ni. Ilẹ̀ náà ni tábà ti hù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ológbò, torí òun là ń ṣe níkà jù láìmọ̀. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ní ẹ̀ńsáìmù kan tó máa ń sọ oríṣiríṣi èròjà di ohun tí ìtọ̀ lè gbé jáde. Ti ológbò kò tó nǹkan rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ Panadol kan fi lè pa á. Efinrin náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Thymol àti eugenol ló ń mú kí ewé náà máa ta sánsán, irú èròjà tí ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tètè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ sì ni wọ́n. Ewé kan tó já jẹ lọ́gbà kọ́ ni mò ń sọ o. Òróró tí wọ́n yọ lára efinrin, tàbí òróró dóńgóyárò tí wọn ò là, tí wọ́n wá fi pa á lára nítorí eégbọn, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ológbò a máa fi ahọ́n tún ara rẹ̀ ṣe tọ̀sán tòru. Ohun tí ẹ bá fi pa irun rẹ̀, inú rẹ̀ náà ló ń lọ.

Àlùbọ́sà àti aáyù kò yọ ajá sílẹ̀ ní tiwọn. Àwọn kan ń fún ajá ní aáyù kí eégbọn má baà gùn ún, àwọn mìíràn ń fi àlùbọ́sà ṣe àgbo ikọ́ fún un. Méjèèjì ní èròjà tó ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, tí sẹ́ẹ̀lì náà á wá máa bẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ẹni tó fún un ti gbàgbé. Fún ológbò, gíráàmù 5 àlùbọ́sà lórí kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti tó ṣe jàǹbá. Fún ajá, gíráàmù 15 sí 30. Ajá tó wọn kílò 10, àlùbọ́sà ńlá kan ti tó o nìyẹn. Bí ẹ sè é, bí ẹ sá a gbẹ, bí ẹ lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, oró rẹ̀ kò kúrò. Ẹ wá wo ọbẹ̀ àná tí ẹ ń dà sórí ẹ̀bà ajá.

Ewúro ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi jù. Ní òkè Mahale ní Tànsáníà, Michael Huffman, onímọ̀ nípa ìnàkí, rí ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá ní 1987 tó ń jẹ igi ewúro, tí ara rẹ̀ sì le ní nǹkan bí ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀. Aràn inú ni wọ́n gbà pé ó ń torí rẹ̀ jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́: ó sọ ewé nù, ó bó èèpo nù, inú ọ̀pá igi ló jẹ, ó fa omi rẹ̀ mu, ó tu háhá dànù. Kì í ṣe omi ewé tí wọ́n fún sínú ife tí wọ́n wá fipá rọ sí ọmọ ajá lẹ́nu. Ọmọ ajá mìíràn sì rèé, inú ìyá rẹ̀ ni aràn ti bá a, ó tún ń gba sí i nínú ọmú. Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì ni oògùn aràn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, à ń tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí á fi pé oṣù méjì. Oògùn yẹn kò wọ́n, ìwọ̀n kílò rẹ̀ la fi ń fún un. Ìwọ̀n ewúro ta ló mọ̀ ọ́n?

Mi ò bá dóńgóyárò jà ní ti ajá. Ẹ se ewé rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Ó máa ń dín eégbọn kù díẹ̀, ara tó ń yún a sì tù ú. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ajá kéré sí èyí tó wà nínú ògiri tó sán àti lábẹ́ ẹní rẹ̀, níbi tí abo kan ti lè yé ẹyin bíi 4,000. Ihò ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ dí, kí ẹ gbá ilé ajá, kí ẹ tó wá ra oògùn tí à ń kán sí i lẹ́yìn ọrùn tàbí èyí tí à ń fún un jẹ. Omi tábà, kẹrosíìnì, ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú, ẹ má dá a láṣà. Awọ ara ni wọ́n ń gbà wọlé.

Oyin gidi dára lójú egbò tí ẹ ti fi omi iyọ̀ fọ̀ mọ́, tí ẹ sì wé kó má baà lá a. Òrí dára fún àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń sán. Ẹ máa lò wọ́n.

Epo pupa ńkọ́? Tí ajá bá jẹ májèlé, ìdí kẹ́ẹ̀gì epo ni gbogbo ilé ń sáré lọ. Epo kì í pa májèlé. Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò ń yọ́ mọ́ epo, ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ sìn ín wọnú ara. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ajá tó ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ẹ̀dọ̀fóró ni epo tí ẹ fipá rọ sí i lẹ́nu máa gbà lọ, mo sì ti rí ajá tí ìyẹn pa lẹ́yìn tí májèlé ti fi í sílẹ̀. Ọtapíápíá ní abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́ agbára rẹ̀, atropine lorúkọ rẹ̀. Àsìkò tí ẹ fi ń wá epo, ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Parvo, àrùn tó máa ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kó sì máa ṣu gan-an, náà kò ní ewé. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ajá wálẹ̀, nígbà tó ti bì, tó ti ṣu gbogbo omi ara rẹ̀ tán. Omi tí à ń fà sí iṣan ló nílò, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ì bá sì ti dáàbò bò ó. Ti dìgbòlugi kò gba àlàyé: ẹ gba abẹ́rẹ́ fún ajá lọ́dọọdún. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ewé kankan dí i.

Ohun tí ẹ bá ti fún un nílé kí ẹ tó wá, ẹ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi í pamọ́ torí pé wọn ò fẹ́ ká bú wọn, òótọ́ sì ni pé àwọn kan nínú wa máa ń pariwo mọ́ yín. Ajá tí àlùbọ́sà ti ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àti ajá tí ibà eégbọn ń ṣe jọra wọn púpọ̀: ẹran ìdí eyín méjèèjì ti funfun, ìtọ̀ wọn pọ́n bí omi sóbò, wọn ò sì lókun láti dìde. Ìtọ́jú wọn yàtọ̀. Orúkọ ewé náà, ohun tí ẹ fi rẹ ẹ́, iye tó mu àti ìgbà tó mu ún á jẹ́ ká tètè mọ ibi tí a máa gbà.