3 àti 4 kì í fìgbà gbogbo jẹ́ 5 o

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti ṣe WAEC rí pé tíráyáńgù kan ní igun 90, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjì jẹ́ 3 àti 4, èló lẹ̀gbẹ́ kẹta? Kí ẹ tó panu dé ó ti ní 5, á sì dá a lójú bí àdá. 3-4-5 yẹn ti mọ́ wa lára jù, tísà kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, bíríkìlà ń fi ṣiṣẹ́, àwa náà wá sọ ọ́ di ọfọ̀, tá a bá ti gbọ́ 3 àti 4 báyìí a ò tún yẹ tíráyáńgù fúnra ẹ̀ wò mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ibi tí 3 àti 4 yẹn wà ṣe pàtàkì gan-an. Tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló pàdé níbi igun 90, kò sí wàhálà, 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, ẹ ro ó pọ̀ ó di 25, 5 lọ́nà 5 náà sì nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé 4 yẹn ni hypotenuse ńkọ́, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun 90, tí kò fara kàn án rárá? Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa ń gùn jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, báwo ni 4 ṣe máa gùn jù tí 5 á tún wà níbẹ̀? Yíyọ la máa yọ nìyẹn, a ò ní rò ó pọ̀: 16, ẹ yọ 9 kúrò, ó ku 7, kẹ́ ẹ wá skúẹ̀ rúùtù 7, ó máa fún yín ní nǹkan bíi 2.65.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ti ń fẹsẹ̀ kọ gan-an nìyí, torí tí wọ́n bá rí 2.65 ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á ní kò lè jẹ́ ìdáhùn, nọ́ńbà ẹ̀ rí wúruwùru jù. Ta ló sọ pé ìdáhùn gbọ́dọ̀ gún? Tíráyáńgù tí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjèèjì ẹ̀ jẹ́ 1 àti 1, tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, hypotenuse ẹ̀ jẹ́ 1.41421356, ó ṣì ń lọ, kò lópin. Àwọn tó gún yẹn gan-an ni ò wọ́pọ̀, àwọn tó ń ṣe ìwé ìṣirò ló máa ń ṣà wọ́n fún wa kí iṣẹ́ lè yá.

Òmíràn tún wà tó lè náni lówó. Àwọn kan ti rí i pé 3, 4 àti 5 tò tẹ̀ lé ara wọn, ni wọ́n bá gbà pé 4-5-6 náà á ṣiṣẹ́, 5-6-7 náà á ṣiṣẹ́, pé téèyàn bá ṣáà ti fi 1 kún gbogbo ẹ̀ ó parí. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sáìtì. Bí bíríkìlà ṣe ń skúẹ̀ ilé, ìyẹn bó ṣe ń mú kí igun ilé jẹ́ 90 gẹ́lẹ́, ni pé ó máa ta okùn méjì látorí èèkàn kan, á wọn fíìtì 3 lórí ọ̀kan, á wọn fíìtì 4 lórí ìkejì, á wá fa tépù láti ojú àmì kan sí ìkejì, tí ò bá ti jẹ́ fíìtì 5 géérégé á máa sún okùn títí tó fi máa jẹ́ ẹ. Ẹ wá jẹ́ kó fi 4, 5 àti 6 ṣe é. 16 àti 25 jẹ́ 41, 6 lọ́nà 6 sì jẹ́ 36, wọn ò bára wọn mu, igun tó máa jáde níbẹ̀ ò ju nǹkan bíi 83 lọ. Ẹ lè ní díígírì 7 péré kí ló fẹ́ ṣe, àmọ́ tí ògiri yẹn bá gùn tó fíìtì 40, orí ẹ̀ lọ́hùn-ún á ti fi fíìtì 5 odindi wọnú ju ibi tó yẹ kó wà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ táìlì sínú yàrá yẹn, kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó fà á ni pé skúẹ̀ ni fọ́múlà Pythagoras tá a ti ń lò bọ̀ látòkè yẹn ń rò pọ̀. Ẹ ya skúẹ̀ sára ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti 3 á gba táìlì 9, ti 4 á gba 16, ti 5 á gba 25. Tẹ́ ẹ bá fi 1 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 9 á di 16, ó fi 7 pọ̀ sí i, 16 á di 25, ó fi 9 pọ̀ sí i, 25 á di 36, ó fi 11 pọ̀ sí i. 7 àti 9 jẹ́ 16, ó ti ju 11 lọ, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́ nìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ di ìlọ́po méjì, gbogbo skúẹ̀ ló máa di ìlọ́po mẹ́rin, 36 àti 64 jẹ́ 100, ìyẹn ni 6-8-10 fi dáa, 9-12-15 náà dáa. Bíríkìlà tó bá mọṣẹ́ tiẹ̀ fẹ́ràn àwọn ńlá yẹn ju 3-4-5 lọ, torí àṣìṣe ìdajì ínṣì lórí fíìtì 3 máa yí igun po ju àṣìṣe kan náà lórí fíìtì 9 lọ.

Àwọn míì wà tí kì í ṣe ọmọ 3-4-5 rárá, 5-12-13 àti 8-15-17. Ó ti pẹ́ táráyé ti mọ̀ wọ́n o. Wàláà amọ̀ kan wà ní Yunifásítì Columbia ní New York, Plimpton 322 lorúkọ ẹ̀, àwọn ará Bábílónì àtijọ́, níbi tó di Ìráàkì lónìí, ló kọ ọ́ ní bíi 3,800 ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó bí Pythagoras tá a fi fọ́múlà yẹn pè ó lé ní 1,000 ọdún. Lórí ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀, 119 wà níbẹ̀, 169 wà níbẹ̀. Ẹ fi 169 ṣe hypotenuse, kẹ́ ẹ yọ 14,161 kúrò nínú 28,561, ó ku 14,400, skúẹ̀ rúùtù ẹ̀ sì jẹ́ 120 gbáko. Ẹni tó kọ ìyẹn ò há 3-4-5 sórí lásán.

Tẹ́ ẹ bá ti wá ìdáhùn tán, ọ̀nà kan wà láti yẹ̀ ẹ́ wò láìgbé kákúlétọ̀. Ká ní plọ́ọ̀tì òfìfo kan fẹ̀ ní fíìtì 60, ó sì gùn ní fíìtì 120, ẹ sì fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́. Ìdáhùn yẹn gbọ́dọ̀ ju 120 lọ, torí hypotenuse ni, kò sì gbọdọ̀ tó 180, ìyẹn 60 àti 120 téèyàn máa rìn tó bá gba ẹ̀gbẹ́, torí tó bá tó 180 kí lèèyàn ń gba àárín plọ́ọ̀tì kọjá fún? Wọ́n ní kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, àmọ́ ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ dáadáa: nǹkan bíi fíìtì 134 ni.